Onínúfùfù àti ẹni jẹ́jẹ́: ta ni àrùn ọkàn ń wá kiri?

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá méjì wà nínú ilé kan náà tí a jọ ń gbé. Ọ̀kan, Bàbá Ẹ̀yìnkùlé la máa ń pè é, ariwo ni ṣá. Tí NEPA bá mú iná lọ, ariwo, tí omi ò bá yọ, ariwo, tí bọ́ọ̀lù àwa ọmọdé bá kan ilẹ̀kùn ẹ̀ pẹ́nrẹ́n ẹ ó gbọ́ ohùn ẹ̀ dé títì. Èkejì, ẹni jẹ́jẹ́ ni, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ ẹ́ á kàn rẹ́rìn-ín, á wọlé lọ. Gbogbo àdúgbò ló ti gbà pé BP ló máa pa Bàbá Ẹ̀yìnkùlé. Ẹni jẹ́jẹ́ yẹn ni rọpárọsẹ̀ wá mú lọ́mọ ọdún 54. Bàbá Ẹ̀yìnkùlé ti lé ní 80 báyìí, ó ṣì wà, ó ṣì ń pariwo.

Ìdí tí mo fi mú un wá ni pé kò sí ọ̀sẹ̀ tí nǹkan kan ò ní gba orí fóònù mi kọjá tó máa sọ irú èèyàn tí mo jẹ́, Type A, Type B, introvert, kí ni, kí ni, àti àìsàn tó máa bá irú mi jà, bí ẹni pé wọ́n ń ka àtẹ́lẹwọ́. Àwọn kan tiẹ̀ ń fi yangàn, "èmi o, Type A ni mí, mi ò ní sùúrù", wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òun ga, òun sì dára. Ọ̀rọ̀ yìí ní ibi tó ti wá. Ìtàn ẹ̀ dùn ún gbọ́, èérí sì wà nínú ẹ̀, ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Àga ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1950 sókè, dókítà ọkàn méjì jọ ń ṣiṣẹ́, Meyer Friedman àti Ray Rosenman. Àwọn àga tí aláìsàn fi ń jókòó dè wọ́n ti gbó, wọ́n wá pe oníkúṣìn kó wá bá wọn tún un ṣe. Ọkùnrin yẹn wo àwọn àga yẹn, ẹnu yà á, ó ní irú aláìsàn wo lẹ ní níbí, torí pé etí iwájú àga nìkan ló gbó, àti ibi tí wọ́n ń gbé ọwọ́ lé. Ẹ̀yìn àga, ibi téèyàn máa ń fẹ̀yìn tì, kò ṣe nǹkan kan. Ẹ wo ara yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ sí báǹkì: tí ara bá balẹ̀ ẹ ó fẹ̀yìn tì dáadáa, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń kánjú, etí àga lẹ máa wà, ẹsẹ̀ á ti wà nílẹ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ sáré. Bí àwọn tí ọkàn ń dà láàmú yẹn ṣe ń jókòó nìyẹn. Friedman sọ fúnra ẹ̀ pé àwọn ò ka ọ̀rọ̀ oníkúṣìn yẹn sí nǹkan kan nígbà yẹn, ó di ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà kó tó wọ̀ wọ́n lórí.

Nígbà tó wọ̀ wọ́n lórí, wọ́n lọ bá àwọn akáńtáǹtì. Ní Amẹ́ríkà, April 15 ni gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ ti sọ iye owó orí tí wọ́n jẹ ìjọba, àwọn akáńtáǹtì kì í sì í sùn tí ọjọ́ yẹn bá ń bọ̀. Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ wọn léraléra, wọ́n rí i pé bí ọjọ́ yẹn ṣe ń sún mọ́, bẹ́ẹ̀ ni cholesterol, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn, ń gòkè tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń tètè dì, ìgbà tí ọjọ́ yẹn kọjá, ó rọlẹ̀. Ọdún 1958 ni wọ́n gbé ìyẹn jáde. Ní 1959 ni wọ́n wá fún irú èèyàn kan lórúkọ, Type A. Ohun mẹ́ta ni wọ́n kó pọ̀ sínú orúkọ yẹn: kéèyàn máa kánjú ṣáá bí ẹni tí àsìkò ń lé, kó máa lé iwájú kó máa figagbága, kó sì jẹ́ pé inú ń tètè bí i, pé nǹkan kékeré ti tó láti sọ ọ́ dìjà. Ẹni tí kò ní àwọn yìí ni Type B. Ẹ fi mẹ́ta yẹn sọ́kàn, àá padà dé ibẹ̀.

Iṣẹ́ ńlá tí wọ́n wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn bẹ̀rẹ̀ ní 1960 sí 1961. Ọkùnrin 3,154 ni, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ mẹ́wàá ní California, ọjọ́ orí wọn láti 39 sí 59, kò sí àrùn ọkàn lára ẹnì kankan nínú wọn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó jẹ́ A ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Wọn ò kan fún un ní bébà kó kọ ọ́ fúnra ẹ̀, wọ́n á jókòó ti í, wọ́n á máa bi í ní ìbéèrè, àwọn kan nínú ẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fà gùn. Ẹni tó ń bèèrè á ní, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sáà gbọ́dọ̀ tètè jí, ẹ̀yin ńkọ́, aago... éè... aago mélòó ni ẹ... ẹ máa ń... éè... Kó tó parí, Type A ti dáhùn, "mẹ́fà!" Ó ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Ẹnu tó fi dáhùn ni wọ́n ń wò, ìdáhùn gan-an ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ wọ́n lógún: ṣé ó ń yára sọ̀rọ̀, ṣé ó ń tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gún iyán, ṣé ó ń wo aago, ṣé ó ń di eyín pọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń ro ẹnì kan báyìí.

Ọdún mẹ́jọ àtààbọ̀ ni wọ́n fi ń ṣọ́ wọn. Nínú àwọn 1,589 tó jẹ́ Type A, 178 ló wá ní àrùn ọkàn. Nínú 1,565 tó jẹ́ Type B, 79 ni. Ìlọ́po méjì àti díẹ̀ sí i nìyẹn, ariwo sì ta káàkiri Amẹ́ríkà. Àmọ́ ẹ bá mi kà á padà, torí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà: nínú 100 Type A, bíi 11 ló ní in, nínú 100 Type B, 5. Ìyẹn ni pé nínú 100 oníkánjú yẹn, 89 ni ò ní nǹkan kan ní gbogbo ọdún mẹ́jọ àtààbọ̀ yẹn. "Ìlọ́po méjì" máa ń dún bí ìdájọ́ ikú létí, kó sì jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ló máa gba àárín ẹ̀ kọjá láìfara pa.

Ní 1981, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan tí ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà kó jọ fọwọ́ sí i pé Type A wà lára ohun tó ń fa àrùn ọkàn. Inú wọn ò tíì dùn tán tí ìwádìí mìíràn fi jáde ní 1985, wọ́n ti wo ọkùnrin tó ju 3,000 lọ fún nǹkan bí ọdún méje, wọn ò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín A àti B. Èyí tó wá da gbogbo ẹ̀ rú jáde ní 1988: wọ́n padà sí ọ̀dọ̀ àwọn 257 tí àrùn ọkàn mú nínú ìwádìí California yẹn náà, wọ́n wo àwọn tó la ọjọ́ àkọ́kọ́ kọjá, wọ́n rí i pé Type A ló ń pẹ́ láyé ju Type B lọ. Ẹ ò rí i bí?

Kí ló ṣẹlẹ̀? Tí mo bá fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyá mi, báyìí ni màá ṣe sọ ọ́: ẹnì kan jẹ àmàlà, ó jẹ ewédú, ó jẹ ẹja tó ti ṣe ọjọ́ mẹ́ta láìsí iná, inú wá ń run ún ní òru, ó wá ní àmàlà ò bá òun lára mu mọ́. Kíkánjú ni àmàlà, ìfigagbága ni ewédú, méjèèjì ò ṣe nǹkan kan. Ẹja ni ẹ lọ wò.

Ẹja yẹn ni wọ́n wá ń pè ní hostility. Kì í ṣe ìbínú lásán o, torí ta ni inú kì í bí. Ó jẹ́ ìwà kan tó dà bí pé èèyàn ti gbà nínú ara ẹ̀ pé gbogbo ayé fẹ́ rẹ́ òun jẹ, pé ẹni tó kí òun ń wá nǹkan ni, pé ọlọ́kọ̀ tó gba iwájú òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, tí ó sì ń di kèéta. Ìfura, ìkùnsínú, àti ìbínú tó wà nílẹ̀ tó ń wá ẹni tó máa bà lé. Redford Williams àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Duke ló gbájú mọ́ ọn. Ní 1983, ìwádìí kan jáde lórí dókítà 255 tí wọ́n ti dáhùn ìbéèrè nípa ìwà wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà nílé ìwé ìṣègùn, lẹ́yìn ọdún 25 àwọn tí hostility wọn pọ̀ ni àrùn ọkàn mú jù, ó ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Nígbà tí wọ́n wá kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí pa pọ̀ ní 2009, ó rọlẹ̀ gan-an: fún àwọn tí ara wọn le níbẹ̀rẹ̀, bíi ìdá 19 nínú 100 ni ewu fi pọ̀ sí i. Ó wà, àmọ́ kò tó ti sìgá rárá, kò tó ti ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn ò tọ́jú.

Báwo ló ṣe ń ti inú dé ọkàn? Ọ̀nà méjì ni, ọ̀kan tààrà, èkejì gba ẹ̀yìnkùlé.

Tààrà: lọ́dún 2024, àwọn olùwádìí kan ní Columbia ní New York mú àgbàlagbà 280 tí ara wọn dá, wọ́n pín wọn, wọ́n ní kí àwọn kan rántí nǹkan tó bí wọn nínú fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré, àwọn kan kí wọ́n rántí nǹkan tó bà wọ́n lẹ́rù, àwọn kan ka nǹkan tó ń bani nínú jẹ́, àwọn tó kù kàn ń ka nọ́ńbà. Wọ́n ń wo bí òpó ẹ̀jẹ̀ apá wọn ṣe ń ṣí. Àwọn tó rántí ìbínú, òpó ẹ̀jẹ̀ wọn ò ṣí bó ṣe yẹ fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú. Ìrántí lásán o, ẹni yẹn ò tiẹ̀ sí níbẹ̀. Ìbànújẹ́ àti ìbẹ̀rù ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé tínú bá bíni, ara máa da adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa sáré, ẹ̀jẹ̀ á ru sókè, òpó á sún kì. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ò ṣe nǹkan. Ẹni tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, láti orí ọlọ́kadà dé orí ìyàwó, bíi páìpù tí wọ́n ń tẹ̀ tí wọ́n ń tú u sílẹ̀ lójoojúmọ́ ni. Fún ẹni tí òpó ẹ̀ ti dí tẹ́lẹ̀, ìbínú ńlá kan ṣoṣo lè tó: ìwádìí kan ní 1995 bèèrè lọ́wọ́ àwọn 1,623 tí heart attack ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, wọ́n rí i pé láàárín wákàtí méjì lẹ́yìn tínú bá bíni gan-an, ewu heart attack ju ìlọ́po méjì lọ.

Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé yẹn lèmi gbà gbọ́ pé ó pọ̀ jù, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kì í dùn ún sọ. Ìwà ló ń pinnu bá a ṣe ń jẹun, bá a ṣe ń sùn, bóyá à ń mu sìgá, bóyá a máa lo oògùn tán tàbí a máa dá a dúró nígbà tára bá ti yá. Ní California náà, ní 1921, onímọ̀ ìwà kan, Lewis Terman, kó ọmọdé tó ju 1,500 jọ, wọ́n sì ń tẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi darúgbó tí wọ́n ń kú. Howard Friedman (Friedman mìíràn nìyí o, ẹ má pa àwọn méjèèjì pọ̀) wo ìwé wọn ní 1993, ohun tó rí ni pé àwọn ọmọ tó máa ń fara balẹ̀ ṣe nǹkan, tó ń ṣe ohun tí wọ́n bá ní àwọn máa ṣe, tí kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀, àwọn ló pẹ́ láyé. Ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Àwọn ọmọ aláwàdà, tínú wọn máa ń dùn ṣáá? Wọ́n tètè kú díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ! Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn aláwàdà yẹn ló ń mu ọtí àti sìgá jù. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ẹ sáà máa rẹ́rìn-ín, ẹ ó pẹ́ láyé, ẹ bi í ibi tó ti rí i.

Èérí tí mo ní ó wà nínú ìtàn yìí, òun rèé. Nígbà tí ìwé àṣírí àwọn ilé iṣẹ́ sìgá jáde síta, wọ́n rí i pé Philip Morris ló ń fi owó ṣe àtìlẹ́yìn fún ilé ìwádìí Meyer Friedman ní àwọn ọdún 1980 sí 1990. Ẹ rò ó wò. Tí ẹni tó ń mu sìgá bá ní àrùn ọkàn, ṣé kì í ṣe ohun ìrọ̀rùn fún ẹni tó ń ta sìgá kí wọ́n máa ní ìwà ẹ̀ ló fà á, ó ń kánjú jù, inú ń bí i jù, sìgá ò mọ nǹkan kan? Mi ò ní gbogbo iṣẹ́ Friedman ni wọ́n fowó rà, iṣẹ́ California yẹn ti wà nílẹ̀ kí owó yẹn tó dé. Àmọ́ mo ní kẹ́ ẹ mọ̀.

Ti jẹjẹrẹ ló burú jù. Ẹ ti gbọ́ ọ, pé ẹni tó bá ń di nǹkan sínú, tí kì í bínú síta, ìyẹn ló ń di jẹjẹrẹ fún un. Hans Eysenck, onímọ̀ ìwà tó lórúkọ ní London, òun àti Ronald Grossarth-Maticek ló kọ̀wé rẹpẹtẹ lórí ẹ̀, àbájáde wọn dára débi pé kò ṣe é gbà gbọ́, owó sìgá sì wà níbẹ̀ náà. Ní 2019, King's College London tí Eysenck ti ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ìwé 26 nínú èyí tí àwọn méjèèjì jọ kọ ni kò ṣeé gbára lé. Àǹtí mi kan ní jẹjẹrẹ ọmú, ẹnì kan tó wá kí i jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ó ní, "ṣé ẹ̀yin náà ò rí i, ẹ ti dákẹ́ jù fún ọkọ yín." Obìnrin tí irun ti re lórí ẹ̀ tán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá bóyá òótọ́ ni pé òun ló fà á fún ara òun. Rárá o. Àwọn olùwádìí ti wo bí 60,000 èèyàn ní Sweden àti Finland, wọ́n wò ó bóyá ìwà wọn ló ń mú jẹjẹrẹ wá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Type D tún wà, àwọn tó ń ronú ibi ṣáá tí wọn ò sì í fi ọ̀rọ̀ lọ ẹnikẹ́ni, Johan Denollet àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló gbé e jáde ní Belgium ní 1996, pé tí àrùn ọkàn bá mú wọn wọ́n ń tètè kú. Àwọn ìwádìí àkọ́kọ́ le gan-an, àwọn ńlá tó tẹ̀ lé e ò rí i tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má tíì fi sun ẹkún.

Kí ló wá ṣe ẹni jẹ́jẹ́ ilé wa? Ó dáa, èèyàn kan ò tó ìwádìí, àmọ́ ìyàwó ẹ̀ ló sọ fún màmá mi: kò yẹ BP ẹ̀ wò rí. Kò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Orí ń fọ́ ọ, á ní kò sí wàhálà, á lọ sùn. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ọsibítù ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti ń ru tipẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í kígbe. Bàbá Ẹ̀yìnkùlé ní tiẹ̀, tí ọmọ ẹ̀ bá gbàgbé ra oògùn BP wá, gbogbo ilé ló máa gbọ́. Ariwo yẹn ló ń mú oògùn wálé. Ìwà wọn ṣe nǹkan fún wọn lóòótọ́, kì í kàn ṣe ibi tí àwa ń wò.

Fún ẹni tó bá rí ara ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹja yẹn, ìròyìn tó dáa wà. Meyer Friedman gba àwọn tó ju 800 tí heart attack ti ṣe rí, wọ́n pín wọn sí méjì, gbogbo wọn gba ìmọ̀ràn nípa oúnjẹ àti oògùn, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ méjèèjì tún kọ́ bí wọ́n ṣe máa dín ìkánjú àti ìbínú kù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin àtààbọ̀, ìdá 12.9 nínú 100 nínú àwọn tó kọ́ ọ ni heart attack tún padà ṣe, nínú àwọn tí kò kọ́ ọ ìdá 21.2 ni. 1986 ni. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn kò le: wọ́n á ní kó o wa mọ́tò lójú ọ̀nà àwọn tó ń rọra lọ, kó o jẹun díẹ̀díẹ̀, kó o gbọ́ ẹlòmíì títí tó máa fi sọ̀rọ̀ tán. Friedman náà ń ṣe é, ó ní Type A lòun tẹ́lẹ̀, ọkàn tiẹ̀ náà ti ṣàìsàn rí. Ó kú ní 2001, lọ́mọ 90 ọdún.

Nínú gbogbo ẹ̀, èyí tó mú mi lọ́kàn ni pé wọ́n máa ń ní kó o mọ̀ọ́mọ̀ lọ tò sí ìlà tó gùn jù, kó o kàn dúró. Mo gbìyànjú ẹ̀ níbi ATM lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìlà méjì, mo lọ tò sí èyí tó gùn, mo mí kanlẹ̀, mo ń wo ọ̀run. Ó ku èèyàn méjì níwájú mi, obìnrin kan wá láti ẹ̀yìn, ó ní òun ti gbàyè síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kóun tó lọ ra omi.

Ẹ ò fẹ́ mọ ohun tí mo sọ fún un.